Àdúrà Tí Bernadette Ń Fi Ẹsẹ̀ Gbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fídíò náà dé Idigny. Bernadette ń wọn ọmọ oṣù mẹ́rin kan lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ìyá ọmọ náà na fóònù sí i.

"Ìyá Carine, ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

Ó wo ojú fóònù náà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ti ti àwọn bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin kan dúró láàárín, ó ká orúnkún díẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú bí ẹni tí ó di nǹkan mú, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí orin, kò sí ìlù. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń dún ni mímí ẹni tí ó ń ya fídíò náà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ilé Ọlọ́run."

"Èmi ni," Bernadette dáhùn. Ó gbé ọmọ náà kúrò lórí òṣùwọ̀n. "Kílò mẹ́fà àtààbọ̀. Ó ń dàgbà dáadáa."

Ó kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ, ó sì kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni ó rántí pé ibi tí ó yẹ kí orúkọ bàbá ọmọ wà ni òun kọ kílò mẹ́fà àtààbọ̀ sí.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ilé ìwòsàn náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà tí iṣan rẹ̀ kò hàn, òun ni wọ́n máa ń pè, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ó sì kú nígbà tí Carine, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bernadette ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ tètè dé ibi tí ó ń lọ.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, obìnrin kan láti Okpomèta kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ni kò dá. Ọkọ̀ tí ó yẹ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kétou rì sínú ẹrẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń pe fóònù, Bernadette sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ inú obìnrin náà, ó ń gbàdúrà sókè. Gbogbo àdúrà tí ó mọ̀ ni ó gbà. Ó ṣì ń gbà á nígbà tí nọ́ọ̀sì di èjìká rẹ̀ mú tí ó ní ó tó.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú àdúrà rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Bí ó bá ti la ẹnu pé "Baba wa", ohùn ọjọ́ yẹn ni ó máa ń gbọ́, ohùn ara rẹ̀ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ lórí òkú, pẹ̀lú òjò lórí páànù. Ẹnu rẹ̀ á pa dé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, á fi tòsì gbé e ró.

Ó gba ìsinmi, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣe epo pupa ní Adakplamè. Ẹkù ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀: kòtò gbọọrọ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ nínú. Àwọn obìnrin á da ẹyìn bíbọ̀ sí i, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á di igi tí a dábùú síwájú mú kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn náà títí ara rẹ̀ á fi bọ́ kúrò lára èkùrọ́. Láti kékeré ni ìyá wọn ti kọ́ wọn pé ẹni tí ó wà nínú ẹkù kì í sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ń wá ibi tí ẹyìn ṣì le, ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ á fo ibẹ̀ kọjá.

Bernadette tẹ ẹyìn fún wákàtí méjì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó jáde, tí epo dé orúnkún rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan, ó sì mọ̀ pé òun ti gbàdúrà. Kò lè sọ ohun tí ó béèrè, nítorí kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn ti wà níwájú Ẹnì kan, Ẹni náà sì wà níbẹ̀.

Kò sí ẹkù nílé rẹ̀ ní Idigny. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó ń gbá a. Láàárọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, á ti àwọn bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bọ́ bàtà, á na ọwọ́ síwájú bí ẹni di igi mú, á sì máa tẹ ilẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ìbàdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ẹsẹ̀, èjìká tẹ̀lé ìbàdí, ó di ijó. Ijó tí ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń kánjú lè wò ó kí ó má mọ̀ pé ijó ni. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kò mọ̀, títí di ìgbà tí Landry, olùkọ́ àwọn akọrin tí ó tún jẹ́ akọ̀wé ìjọ, lọ tún dùùrù ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí ó rí i, tí ó sì yọ fóònù.

Landry fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà ìjọ wá ní ọjọ́ kejì tí fídíò dé. Kò sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, Landry. Ṣé ojú mi hàn dáadáa nínú rẹ̀?"

"Màmá, ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù bà ọ́, ọwọ́ rẹ kò sì mì. Àwòrán náà dúró digbí."

Ó sorí kọ́. "Pásítọ̀ nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. N kò mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù."

Lẹ́tà náà kò gùn. Ìgbìmọ̀ ìjọ yóò jókòó ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú níbẹ̀, ìgbéyàwó Carine àti Gildas, tí ó yẹ kó wáyé ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, á dúró ná. Títí di ìgbà náà, kí Ìyá Carine má ṣe "ohun náà" mọ́. Wọn kò tí ì rí orúkọ tí wọn yóò pè é.

Carine dé láti Pobè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Tíṣà ni òun náà, bíi bàbá rẹ̀, ó sì máa ń dúró láàárín yàrá bí ẹni dúró níwájú kíláàsì.

"Màmá, ìyá Gildas pè mí. Ó ní ṣé ìdílé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní tíṣà ni bàbá mi."

Bernadette fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn wá dáhùn ìbéèrè rẹ̀?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Carine ju báàgì rẹ̀ sórí ibùsùn. "Ṣé ẹ ò lè gbàdúrà bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbà á ni? Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dijú, ẹ ní Àmín. Kí ló le níbẹ̀?"

"Mo ti gbìyànjú."

"Ẹ tún gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni. Bí mo bá ti ṣègbéyàwó tán, ẹ lọ máa jó láàárín oko àgbàdo bó bá wù yín."

"Carine."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ náà."

Bernadette ṣèlérí fún un pé òun kò ní ṣe é títí di Sátidé. Ó rò pé ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìka rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wá láti oko, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ojú rẹ̀ ti ń yí. Ó nílò omi nínú iṣan kíákíá. Bernadette gún un lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ síbẹ̀. Ó gún un lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ọmọ náà ń wo ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n lórí apá ọmọ rẹ̀. Sandrine, nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwòsàn náà lọ́dún tó kọjá, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tàǹtí, ẹ gbé e fún mi."

"Mo lè ṣe é."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé e fún mi."

Ọmọ náà yè. Bernadette fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó dijú, ó ní "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run". Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, kò sí òjò kankan níta. Ó dìde.

Nígbà tí ó wọ yàrá ìgbìmọ̀ ní Sátidé, àwọn tí ó retí wà níbẹ̀: Pásítọ̀ Barnabé, Landry pẹ̀lú ìwé níwájú rẹ̀, Màmá Olúwabùnmi, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tí òun náà sì ń ta aṣọ ní Kétou, àti àgbà ìjọ méjì. Ẹnì kan tí kò retí jókòó lórí àga tí ó dára jù, ó dé fìlà ìkírun, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún. Bàbá Séidou ni. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní agbègbè náà tí kò mọ̀ pé ogójì ọdún ni ó fi jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀.

"A pe Bàbá," Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, "nítorí a kò fẹ́ dájọ́ lórí ohun tí a kò mọ̀."

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?" Bàbá Séidou béèrè. "Barnabé, orí èjìká bàbá rẹ lo ti ń wòran mi. Ẹkún lo máa ń sun bí mo bá ti yọ."

Màmá Olúwabùnmi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́. Landry wo inú ìwé rẹ̀.

"Ẹ wo fídíò náà, Bàbá," Pásítọ̀ wí.

"Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sójú wọn," Màmá Olúwabùnmi fi kún un. "Àgbà ni wọ́n."

Arúgbó náà wò ó tán, ó ní kí wọ́n tún un tàn. Inú yàrá náà gbóná, ẹnikẹ́ni kò sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Bernadette kò lè wo ojú rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wò. Nínú sálúbàtà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá Séidou ń lọ sókè sódò. Ó ń dán ìgbésẹ̀ náà wò.

"Kì í ṣe tiwa," ó wí.

"Ó dá yín lójú?"

"Ọkùnrin ló ń jó tiwa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Irin là ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. À ń lu ilẹ̀ ni, kí irin yẹn lè dún, kí gbogbo ọjà gbọ́. Ẹsẹ̀ wa ń sọ̀rọ̀. Èyí kò sọ nǹkan kan." Ó kọjú sí Bernadette. "Ọmọ mi, inú ẹkù lo ti kọ́ ọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyàwó mi àkọ́kọ́ máa ń tẹ ẹyìn báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ́ ni." Ó fi ọ̀pá gbéra nílẹ̀. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, kí ẹnì kan ṣáà ti ká orúnkún, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ àga, ṣé ẹ máa ya fídíò èmi náà?"

Ó jáde, ó ní wọ́n ń retí òun lóko.

Ńṣe ni ara gbogbo wọn rọ̀. Àgbà ìjọ kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ Barnabé nu ojú rẹ̀, ènìyàn rere tí kò fẹ́ ìjà ni, kò sì rí oorun sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Landry, kọ ọ́: Ìyá Carine ń ṣe eré ìdárayá, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni, wọ́n máa ń dúró pẹ́. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, ká lọ múra ìgbéyàwó."

Landry kọ ọ́ kíákíá. Wọ́n ti ìwé náà sí i níwájú pẹ̀lú bíírò. Láti ibi tí Bernadette jókòó, ó ń rí ìdajì gèlè Carine lójú fèrèsé. Ọmọ náà jókòó níta, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Ìyá Carine," Màmá Olúwabùnmi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwé lásán ni."

Ó mú bíírò. Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Eré ìdárayá. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, Bernadette Adéoyin, àti àlàfo tí ọwọ́ rẹ̀ máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu bíírò náà ń lu ìwé tó, tó, tó. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó fi í lélẹ̀.

"Ẹ̀yìn kò dùn mí," ó wí.

"Ìyá Carine..."

"Pásítọ̀, ẹ má bínú. Bí mo bá kọ ọ́ pé eré ìdárayá ni, Ẹni tí mo ń bá pàdé níbẹ̀ ńkọ́? Kí ni n ó sọ fún un?"

Landry gbé orí sókè. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àgbà ìjọ náà.

"Ta ni ẹ ń bá pàdé?" Pásítọ̀ béèrè.

"Ẹni tí ẹ̀yin náà ń pè. Àdúrà ni."

"Àdúrà a máa ní ọ̀rọ̀ nínú."

"Tèmi ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá kí mi lọ́jọ́ tí obìnrin Okpomèta yẹn kú. Ẹ rí ẹnu mi. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ nìkan ló kù fún mi."

Àgbà ìjọ kejì, tí kò tí ì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, sún síwájú lórí àga rẹ̀. "Kó jó o ká rí i. Bó bá jẹ́ àdúrà ni, àwa náà á mọ̀."

Bernadette dìde. Ó yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú bàtà, ilẹ̀ símẹ́ńtì náà tutù lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jó o, wọ́n lè gbà. Bóyá ojú wọn á rí ohun tí fóònù kò rí. Ó wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti gbé àga sún mọ́ra, tí wọ́n ń dúró. Ó ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà.

"Bí mo bá jó o kí ẹ lè wò ó, ẹ̀yin ni mo jó o fún," ó wí. "Kò ní jẹ́ àdúrà mọ́."

Oṣù mẹ́ta ìbáwí ni wọ́n fún un. Kò gbọdọ̀ kọjá àtẹ̀gùn ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, kò sì wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń gbà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìgbéyàwó, Màmá Olúwabùnmi fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì.

"Kí ni Carine ṣe? Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yẹn, kí ẹ wá wo ẹni tí yóò bá yín kó obìnrin jọ nínú ìjọ yìí."

Wọ́n gbà pé ìgbéyàwó á wáyé. Ìyá ìyàwó á dúró síta.

Carine ti pe ọlọ́kadà kan kí Bernadette tó dé ẹnu ọ̀nà. "Orúkọ yín lásán ni wọ́n ní kí ẹ kọ, Màmá," ó wí, ó gun ọ̀kadà náà, ó kọrí sí Pobè.

Bernadette jó nínú yàrá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, láàárín ibùsùn àti ògiri. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ìbínú ló kún inú rẹ̀, ó kàn ń tẹ símẹ́ńtì. Ó ń bá wọn jiyàn nínú orí rẹ̀: Landry, àgbà ìjọ, ìyá Gildas. Ní ọjọ́ kẹta ni àríyànjiyàn náà rẹ̀ ẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Sandrine gbé apá ọmọ kan sí i níwájú, abẹ́rẹ́ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní aago mẹ́wàá Sátidé, ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ léèsì tí Carine fúnra rẹ̀ ti yàn fún un lóṣù tó kọjá. Àwọn ọlọ́kadà jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó. Carine sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Ó kọjá níwájú ìyá rẹ̀ láìyí ọrùn. Wọ́n wọlé, dùùrù bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sì ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Ó gbọ́ tí Pásítọ̀ béèrè ẹni tí ó fa ọmọ náà fún ọkọ. Ohùn àbúrò ọkọ rẹ̀ ló dáhùn. Ó gbọ́ ohùn Carine, kékeré, tí ó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó fẹ́ gbàdúrà fún un. Kò sí ohun tí ó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ ṣófo.

Ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ, ó mọ ẹni tí wọ́n máa sọ ọ́ fún, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ ọmọ òun ni. Ó bọ́ bàtà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ pupa náà gbóná. Ó na apá síwájú, ó ká orúnkún.

"Òun nìyẹn!" ọlọ́kadà kan kígbe. "Ìyá tó ń jó láìsí ìlù!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pa rédíò rẹ̀.

Ó ṣì ń jó nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí àwọn èèyàn tú jáde pẹ̀lú orin àti àtẹ́wọ́. Orin náà já lẹ́nu àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ayàwòrán, tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè.

"Ìyá ìyàwó! Ìyá ìyàwó dà? Ẹ wá dúró síbí!"

Ìyá Gildas yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Landry sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ó na ọwọ́ láti fi kan èjìká Bernadette.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n," Carine wí.

Landry dúró síbi tí ó wà.

"Madame, oòrùn ti ń le," ni ayàwòrán wí. "Ìyá yín ni mò ń retí."

Carine wo ìyá rẹ̀. Ìbínú kò tí ì kúrò lójú rẹ̀, ètè rẹ̀ ṣì le bí ti ọjọ́ tí ó gun ọ̀kadà lọ. Ó wo Pásítọ̀ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ń gbàdúrà fún mi," ó wí, ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Wọn kò tí ì ṣe tán. Ẹ dúró."

Ó gbé etí aṣọ funfun rẹ̀ kúrò nínú eruku, ó fi dání, òun náà sì dúró.